Kọmlá Sójà àti Tòlótòló Ìyá Rẹ̀

Ní àárọ̀ àná, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Agbonou, mò ń retí ọ̀kadà tí yóò gbé mi lọ sí Atakpamé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí mo ní ni mo wọ̀, nítorí wọ́n ní kí n wá dáhùn ìbéèrè fún iṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì kan, àyà mi sì ń já, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń já nígbàkígbà tí ènìyàn bá fẹ́ bi mí ní ohunkóhun. Ọ̀kadà kan dúró níwájú mi. Obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé tòlótòló ńlá kan lé itan. Bí mo ṣe ya ẹnu láti kí obìnrin náà, tòlótòló yẹn na ọrùn, ó wò mí lójú, ó sì ké: kulukulukulukulu!

Ẹ̀rín pa mí. Mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi, nígbà tó yá, n kò mọ̀ mọ́ bóyá omi ẹ̀rín ni tàbí omi mìíràn. Ọlọ́kadà tó wá gbé mi lẹ́yìn ìyẹn béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín ni àbí ẹkún?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rín ni, àmọ́ ẹ̀rín tí ìbànújẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí iyanrìn ṣe máa ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò omi. A dé Atakpamé, mo ṣì ń ṣàlàyé. Ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n," ó sì sá lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ fún ẹ̀yin àbúrò mi. Ìwé kì í sá lọ bí ènìyàn bá ń ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ Kọmlá ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ abúlé wa kan ṣoṣo tó di sójà, tó sì kú sójú ogun.

Abúlé wa wà lójú ọ̀nà Elavagnon, láàárín oko iṣu àti oko òwú. Ilé Kọmlá kọjú sí ilé wa. Igi máńgòrò kan ló wà láàárín, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń họ ẹ̀gẹ́, abẹ́ rẹ̀ náà ni a sì ti ń kàwé nígbà tí atẹ́gùn bá ti gbé páànù ilé ìwé lọ. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí èmi àti Kọmlá. Bí ìyá rẹ̀ bá se oúnjẹ, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹ ẹ́. Bí ìyá mi bá sì ní kí á wẹ̀, a jọ máa ń sá lọ ni.

Ìyá Kọmlá ń sin tòlótòló. Bí ọdún bá ń bọ̀, á kó wọn lọ sí ọjà Atakpamé, àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà níbẹ̀ á sì ti máa dúró dè é, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹran bọ́ tó o. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn akọ, kò tà á rí. Bàbá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù ní agboolé, ló sọ ọ́ ní Kọmándà. Ó ní bí òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso nígbà èwe òun ṣe máa ń rìn gan-an nìyẹn: àyà níwájú, ìdí lẹ́yìn, ojú pupa, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bí i nínú.

Kọmándà kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, àmọ́ Kọmlá ló kórìíra jù. Kí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ jáde báyìí, Kọmándà á ti ẹ̀yìn àká yọ, á na ìyẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ eré. Kọmlá á sọ abọ́ sílẹ̀, ó di orí máńgòrò. Ìyá rẹ̀ á máa pariwo láti ilé ìdáná:

"Kọmlá! Ohun tí à ń pa jẹ lọ́dún lò ń sá fún!"

"Ìyá, ẹ kọ́kọ́ pa á ná! Màá sọ̀ kalẹ̀!"

Mo fẹ́ kí ó yé yín pé n kì í ṣe akínkanjú ju Kọmlá lọ. Èmi náà bẹ̀rù Kọmándà. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rù tèmi máa ń mú kí ẹsẹ̀ mi wúwo, tirẹ̀ sì máa ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Mo ti ronú nípa ìyàtọ̀ yìí gan-an.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, a máa ń fi pòròpórò ṣe ìbọn, a ó sì bá ara wa jagun yí ilé ká. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ jẹ́ ọ̀gá sójà. Kọmlá nìkan ni kì í bá wọn du oyè. Òkú ló máa ń fẹ́ jẹ́. Ó ní òkú kì í sáré nínú oòrùn. A kì í sì í bá a jiyàn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ikú kú tó o ní gbogbo agbègbè wa. Bí wọ́n bá ti yìnbọn fún un, á di àyà mú, á ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á yíjú sí ẹni tó yìnbọn, á ní, "Ṣé èmi lo ṣe báyìí fún?" Lẹ́yìn náà á pín ogún rẹ̀: bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ òsì fún mi, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ọmọ tó bá bẹ̀ ẹ́. Á tún rìn díẹ̀ lọ síbi tí òjìji ti pọ̀. Á fẹsẹ̀ gbá òkúta kúrò níbi tó fẹ́ ṣubú sí. Inú á bí wa.

"Kọmlá, ṣé o ò tíì kú tán ni?"

"Ẹ ní sùúrù. Ikú ọ̀hún ń bọ̀ ní díẹ̀díẹ̀."

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú eré yẹn. Òkú kò gbọ́dọ̀ dìde, bí èèrà tilẹ̀ ń gùn ún, àfi bí ìyá bá pè wá fún oúnjẹ. Ìyá Kọmlá ló sábà máa ń pè. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á fi omorogùn lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, á ní, "Ẹ̀yin òkú, oúnjẹ ti délẹ̀ o!" Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Kọmlá ti fọwọ́.

Bí ó ṣe di sójà gidi nìyí. Lẹ́yìn tí a jáde ní lísé, ilé ìwé girama, wọ́n kéde ní rédíò pé wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun ní Atakpamé. Èmi ni mo fẹ́ lọ. Mo ń bẹ̀rù pé n kò ní rí iṣẹ́ mìíràn, ìbẹ̀rù tí ó ṣì wà pẹ̀lú mi di òní. Kọmlá kàn tẹ̀ lé mi kí ó lè máa bá mi ṣọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n ní kí gbogbo wa sáré yí pápá ká. Kọmlá kò fẹ́ dá dúró láàárín àwọn tí kò mọ̀, ló bá sá tẹ̀ lé wa. Kí èmi tó rí ìdajì pápá, mo ti jókòó sílẹ̀, mò ń wá èémí. Kọmlá ti dé ìparí, ó ń wò yíká bóyá a ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá kan bi í pé níbo ló ti kọ́ eré sísá.

"Ilé ìyá mi ni, sẹ́fù."

Bí wọ́n ṣe mú un nìyẹn. Èmi gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, mo sì wọ yunifásítì ní Lomé nígbà tó yá. Inú mi dùn fún un, mo sì jowú rẹ̀ díẹ̀. Ìlara yẹn kò pẹ́, àmọ́ ó wà, n kò sì ní purọ́ fún yín.

Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Èyí àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ̀ pé ní tiwa, ènìyàn kì í dúró gbọnrangandan kí àgbà. Wàá lóṣòó, wàá pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, wàá béèrè ilé, wàá béèrè oko, wàá béèrè ọmọ, títí wàá fi kan ewúrẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà wá wò wọ́n, gbogbo wọn tò, wọ́n gan bí òpó. Ọ̀gá náà ní ewú lórí. Nígbà tó kan Kọmlá, Kọmlá lóṣòó. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú àárọ̀ o, sẹ́fù. Ilé ń kọ́? Ìyàwó ń kọ́? Ṣé iṣu ta?" Wọ́n ní kí ó máa sá yí bárékè ká títí oòrùn yóò fi kan àtàrí.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Kọmlá wí nínú ohùn yẹn, ó ṣì ń mí gúlegúle, "mo sáré o. Àmọ́ kí ó tó rán mi, ó dáhùn. Ó ní iṣu ta."

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Wọ́n kó wọn lọ sókè, lẹ́bàá ààlà àríwá, níbi tí àwọn agbébọn ti ń wọlé láti òdìkejì, tí wọ́n ń lé àwọn ará oko kúrò nílé. Ọkàn gbogbo abúlé kò balẹ̀. Kọmlá fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀: "Ìyá, ẹ má fòyà. Awó ló kún ibí. Tòlótòló kò sí rárá. Ara tù mí." Ìyá rẹ̀ gbé ohùn yẹn lọ sí ọjà, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo oníbàárà.

Ẹ̀ẹ̀kan ló wá sílé lẹ́yìn ìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ológun rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, àyà rẹ̀ ti fẹ̀. Àwọn ọmọdé tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà jáde wá wò ó. Kọmándà àtijọ́ ti kú, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ti gorí oyè, ó sì ti jogún ìwà. Ó yọ láti ẹ̀yìn àká. Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, sójà orílẹ̀-èdè wa ti wà lórí máńgòrò.

Ìyá Afi, tó ń ta àkàrà lójú ọ̀nà, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé mì, gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Ṣé ìwọ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ààlà? Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ di ẹrù mi o!"

"Ìyá Afi, ẹ bá mi lé e ná," ni Kọmlá wí láti òkè, "lẹ́yìn náà kí ẹ máa bú mi."

Bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó bá wa rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìgbà tí a rí i kẹ́yìn nìyẹn.

Ọkọ̀ tó lọ pọn omi fún ibùdó wọn gun bọ́ǹbù tí àwọn agbébọn rì mọ́lẹ̀. Kọmlá wà nínú ọkọ̀ náà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín, nítorí mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi, ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi ni.

Àwọn ológun gbé pósí rẹ̀ wá, wọ́n ti kàn án pa, wọ́n fi àsíá bò ó. Wọ́n fọn fèrè. Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ ní Faransé, olùkọ́ abúlé sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹni tó sùn sínú pósí yìí jẹ́ akọni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù.

Gbogbo wa wo ara wa. Ìyá Afi rọra béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń sọ?"

Mo rí Ìyá Kọmlá tó gbé orí sókè. Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé, kò tíì sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là, bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹrù lórí rẹ̀. Ó ní, "Kò mọ ẹ̀rù? Ọmọ mi kọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣèèṣì gbé wá fún mi. Kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ̀ nínú." Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó dáná.

A sin pósí náà. Ìyá Kọmlá kò wá síbẹ̀. Ó se ọbẹ̀, ó gún iyán, ó bu ti Kọmlá, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní òun kò ní jẹ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Omi nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, gbogbo ilé sì mọ̀ pé bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó tún gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn.

Àṣà kan wà nílé wa tí ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú lè má mọ̀. Bí ènìyàn bá kú sí òkèèrè, ẹni tó ti bá a jẹun nínú abọ́ kan náà yóò gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀, yóò sì sín in jẹ níwájú gbogbo ilé: ìrìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, àléébù rẹ̀. Wọ́n ní òkú tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kì í dá ilé mọ̀. Ẹ̀rín ló máa gbọ́. Bí ó bá gbọ́ tí wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín, á mọ̀ pé ilé àwọn èèyàn òun ni òun dé.

Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Mo ṣàlàyé fún un ìdí tí n kò fi lè ṣe é. Mo ní ọgbẹ́ ọkàn mi jìn. Mo ní mo ń tijú níwájú èrò. Mo ní yunifásítì ti yí mi padà, n kò mọ bóyá dáadáa ni tàbí búburú. Ó dúró títí mo fi parí. Ó ní, "Ṣòkòtò rẹ̀ nìyí."

Sójà kan tó bá pósí wá kò tíì padà. Òun àti Kọmlá ni wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́ kan. Mo bi í bí ọ̀rẹ́ mi ṣe rí lójú ogun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rẹ́ rẹ? Gbogbo àárọ̀ ni orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Á yíjú sí mi, á ní, 'Tòlótòló ti dé o.' Á gbọ̀n tán, á wọ ọkọ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pinnu pé kò yẹ kí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọmlá tó gbóyà ni màá fi hàn án, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ẹ wo bí ènìyàn ṣe lè lọ sí yunifásítì kí ó má gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo abúlé pé sábẹ́ máńgòrò. Ìyá Kọmlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo jáde nínú aṣọ ológun Kọmlá. Ó sanra jù mí lọ, nítorí náà ọwọ́ kan ni mo fi kí wọn bí ológun, mo fi èkejì di ṣòkòtò mú. Mo yan lọ, mo yan bọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìlú ẹni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Kọmlá nìyí?" ni Ìyá Afi béèrè. "Mo rò pé àwọn tó ń dá ọlọ́kadà dúró lójú ọ̀nà ni."

Mo tún yan lọ. Ìgbà yẹn ni ọmọ Kọmándà yọ láti ẹ̀yìn àká. Ó rí aṣọ yẹn, ó dá a mọ̀. Ó na ìyẹ́, ó ké, ó ń bọ̀. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo ní n kò ní dójú ti òkú. 

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ohùn kan sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ yíjú padà.

"Kọmlá kì í dúró."

Mo ní kí orúnkún mi máa gbọ̀n. Kò le rárá, ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Mo kígbe pé, "Tòlótòló ti dé o!" mo sì fẹsẹ̀ fẹ. Ṣòkòtò já bọ́ dé orúnkún. Mo yí máńgòrò ká, tòlótòló wà lẹ́yìn mi, àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn tòlótòló. Mo fẹ́ gun igi, n kò lè gùn ún. Tòlótòló fẹnu sọ mí ní ìdí. Mo di àyà mú, mo yíjú sí i, mo ní, "Ṣé èmi lo ṣe báyìí fún?" Mo ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Mo fi bàtà òsì sílẹ̀ fún Ìyá Afi, mo fi ti ọ̀tún sílẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Mo rìn lọ síbi tí òjìji pọ̀ sí, mo fẹsẹ̀ gbá òkúta kúrò níbẹ̀.

"Ṣé o ò tíì kú tán ni?" ni ẹnì kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa kígbe.

"Ẹ ní sùúrù," ni mo wí. "Ikú ọ̀hún ń bọ̀ ní díẹ̀díẹ̀."

Mo ṣubú, mo dijú. Ẹ̀rín ti gba gbogbo ibẹ̀, àmọ́ mò ń gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, tó ń ga, tó wá di igbe. "Ọmọ mi ni," ni Ìyá Kọmlá ń wí. "Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ni wọ́n gbé wá." Àwọn obìnrin sáré lọ dì í mú. Ó sunkún gbogbo ọjọ́ tí kò tíì sun. Èmi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, èèrà ń gùn mí, òfin sì ni òfin.

Ó pẹ́ kí ó tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ omorogùn lára ìkòkò.

"Ẹ̀yin òkú, oúnjẹ ti délẹ̀ o!"

N kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá dìde, á rò pé Kọmlá ló dìde. Mo dijú pọ̀ sí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá mi ní èjìká.

"Ìwọ ni mò ń pè," ni ó wí. "Dìde. Jẹ́ kí Kọmlá sùn."

A jẹun nínú abọ́ Kọmlá, èmi àti òun. Òkèlè kékeré ló kọ́kọ́ mú. Nígbà tó yá, ó ń bá mi du ẹran.

Wọ́n ti gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn nítorí wáyà iná. Àwọn ọmọ abúlé wa kì í fi pòròpórò ṣe ìbọn mọ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń jagun, òkú ibẹ̀ kì í sì í pín ogún fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Kọmlá ṣì ń sin tòlótòló. Bí mo bá lọ kí i, mo máa ń lóṣòó, mo máa ń béèrè ilé, mo máa ń béèrè oko, kí ó tó dáhùn tán, mo ti ń wo ẹ̀yìn àká.

Ní àná, wọ́n pe orúkọ mi ní ọ́fíìsì yẹn. Mo dìde, mo tún ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe. Orúnkún mi méjèèjì ń gbọ̀n. Akọ̀wé tó ṣílẹ̀kùn wò mí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí," ni mo wí. "Tòlótòló ti dé ni."

Mo gbọ̀n tán, mo sì wọlé.